Láti Òṣogbo dé Maldives: ẹ ka ọ̀nà náà láti ẹ̀yìn wá

Ẹni tó ń ṣètò ìrìn-àjò yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Á ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, á wá òtẹ́ẹ̀lì, ìgbà tó bá kù dẹ̀dẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń dé òtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Ẹ yí i padà. Láti orí ibùsùn tí ẹ máa sùn sí ní erékùṣù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa kà á bọ̀ títí dé Òṣogbo. Wàhálà kì í pọ̀ láàárín Èkó sí Dubai tàbí Doha. Láàárín pápákọ̀ òfuurufú Malé, olú ìlú Maldives, sí erékùṣù yín ló wà, níbi tí bàálù ńlá ti sọ̀ yín kalẹ̀ tí omi sì yí yín ká.

Maldives la mú nítorí pé kò béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kó tó kúrò nílé. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tó ti balẹ̀, bí ìwé rẹ̀ bá pé. Erékùṣù bí 1,200 ló wà níbẹ̀, nínú Òkun Íńdíà, àwọn ará ìlú ò sì gbé ju bí igba lọ nínú wọn. Rísọ́ọ̀tù kan, erékùṣù kan: bí òtẹ́ẹ̀lì yín bá jẹ́ rísọ́ọ̀tù, ìyẹn òtẹ́ẹ̀lì ìgbafẹ́ tó dá ní erékùṣù tirẹ̀, kò sí ilé mìíràn níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí màmá oníbúkà ní ìkóríta. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí owó oúnjẹ ń bọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló gba pápákọ̀ òfuurufú Velana, ìyẹn ti Malé, dé erékùṣù: sípíìdì bóòtù fún ibi tó sún mọ́ Malé, bàálù abẹ́lé, àti bàálù orí omi, ìyẹn bàálù kékeré tí wọ́n so ohun bí ọkọ̀ ojú omi méjì mọ́ lẹ́sẹ̀, tó ń gbéra láti orí omi tó sì ń balẹ̀ sórí omi. Ojú ni awakọ̀ rẹ̀ fi ń wo ibi tí yóò balẹ̀ sí, kò sì sí iná lójú òkun. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kò ní fò mọ́. Tí bàálù ńlá yín bá balẹ̀ ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Malé tàbí Hulhumalé tó wà nítòsí rẹ̀ lẹ máa sùn, owó yín lẹ ó fi sùn, rísọ́ọ̀tù ò sì ní dá owó alẹ́ ọjọ́ náà padà. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ kà á láti ẹ̀yìn. Ẹ wá tíkẹ́ẹ̀tì tó máa balẹ̀ ní Malé kó tó di agogo mẹ́ta ọ̀sán. Nígbà tí ẹ bá ń padà, ẹ má ra èyí tó máa gbéra ṣáájú agogo mẹ́wàá àárọ̀, torí bàálù orí omi ò tíì máa fò lóru tí ẹ̀ ẹ́ fi bá a. Tó bá jẹ́ sípíìdì bóòtù ni, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé ṣáájú sí òtẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi nọ́ńbà bàálù yín àti aago tí yóò balẹ̀ ránṣẹ́, torí àwọn ló ń gba àyè sílẹ̀ fún yín.

Ó wá kan owó. Iye tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ẹ wò ó dáadáa bóyá àmì ++ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí àmì yẹn ń sọ ni pé owó iṣẹ́ àti owó orí ò tíì sí nínú rẹ̀. Ká ní tọkọtaya kan gba yàrá 250 dọ́là ++ fún alẹ́ mẹ́rin. Yàrá di 1,000. Owó iṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, sọ ọ́ di 1,100. Owó orí àwọn arìnrìn-àjò, tó ti di ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún láti Oṣù Keje 2025, orí 1,100 yẹn ni wọ́n ń bù ú lé, kì í ṣe orí 1,000: ó di 1,287. Owó orí àyíká tí wọ́n ń pè ní Green Tax jẹ́ dọ́là 12 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ní rísọ́ọ̀tù, ìyẹn 96 fún àwọn méjèèjì. A ti wà ní 1,383. Ká wá ní bàálù orí omi jẹ́ 450 fún ẹnì kan àlọ àti àbọ̀, 900 nìyẹn fún ẹni méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,283 dọ́là, wọn ò sì tíì jẹun ọ̀sán. Ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí ti lé ní ìlọ́po méjì.

Ní ti oúnjẹ, ìrètí àṣìṣe ni láti gba yàrá tó jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, kí ẹ ní ẹ máa wá nǹkan jẹ tó bá yá. Níbo? Òtẹ́ẹ̀lì kan náà ló ni gbogbo ilé oúnjẹ tó wà ní erékùṣù, owó orí àti owó iṣẹ́ sì tún wà lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba èyí tó ní oúnjẹ àárọ̀ àti alẹ́, ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọtí, ẹ ṣírò èyí tí wọ́n ti ka gbogbo jíjẹ mímu sí, kí ẹ sì béèrè irú ohun mímu tó wà nínú rẹ̀ gan-an.

Ẹni tí owó yẹn bá pọ̀ jù fún, ọ̀nà mìíràn wà, àwa gan-an sì rò pé òun ló dára jù fún ìgbà àkọ́kọ́: erékùṣù tí àwọn ará ìlú ń gbé, bíi Maafushi, tí sípíìdì bóòtù ò lò ju bí ogójì ìṣẹ́jú lọ kó tó dé láti Malé. Ilé àlejò kéékèèké ló wà níbẹ̀. Ká ní yàrá jẹ́ dọ́là 70 fún alẹ́ kan: alẹ́ mẹ́rin pẹ̀lú owó iṣẹ́ àti owó orí ò ju 361 lọ. Ilé tí yàrá rẹ̀ ò ju àádọ́ta lọ, dọ́là 6 ni Green Tax rẹ̀, ìyẹn 48. Bóòtù ní dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan, ẹni méjì, àlọ àti àbọ̀, ọgọ́rùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ò pé 510. Wọ́n ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ó sì jẹ mas huni láàárọ̀: ẹja túnà tí wọ́n fi àgbọn rírin, àlùbọ́sà àti ata pò, tí wọ́n ń fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ jẹ. Àmọ́ ìlú Mùsùlùmí ni. Kò sí ọtí rárá ní irú erékùṣù bẹ́ẹ̀, apá etíkun kan pàtó sì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ ìwẹ̀ pénpé. Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀pọ̀ fẹ́rì ìjọba kì í ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni nínú oṣù Ramadan ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ máa ń tì lọ́sàn-án.

Nípa àsìkò, Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹrin ni ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, ìgbà yẹn ni nǹkan wọ́n, ti ọdún Kérésì sì burú jù. Oṣù Karùn-ún sí Oṣù Kẹwàá ni òjò àti afẹ́fẹ́. Owó á wálẹ̀, òkun á sì máa ru, ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń mú èébì gbé ò ní gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọdún Ọ̀ṣun tán ní Oṣù Kẹjọ kó tó gbéra, àsìkò ẹ̀dínwó ló bọ́ sí yẹn. Oṣù Kọkànlá tàbí ìparí Oṣù Kẹrin ló wù wá jù.

Nísinsin yìí, ìwé. Láti Oṣù Kẹsàn-án 2025, ₦100,000 ni pásípọ́ọ̀tù olójú-ewé 32 tó ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni olójú-ewé 64 tó ń lo ọdún mẹ́wàá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti ń kọ fọ́ọ̀mù tí ẹ ti ń sanwó, kí ẹ tó lọ ya fọ́tò kí ẹ sì tẹ̀ka ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Òṣogbo. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN yín tọ̀nà, torí òun ni wọ́n máa gbé sórí pásípọ́ọ̀tù. Ẹni tó ti ní ti tẹ́lẹ̀, kó rí i pé ó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán lọ́jọ́ tó máa rìn.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ò ṣeé fò. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí àìsàn náà wà, Maldives á sì béèrè yẹ́lò káàdì. Ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà títí ayé ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn Port Health, òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ní pápákọ̀ àti èbúté, fúnra wọn. Èyí tí ẹnìkan bá fẹ́ bá yín ṣe láìgún abẹ́rẹ́, wọ́n lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀, ojú yín ni yóò tì.

Fọ́ọ̀mù ìmígíréṣọ̀n Maldives kan tún wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní IMUGA. Láàárín wákàtí 96 ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ń kọ ọ́, nígbà tí ẹ bá ń lọ àti nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ sanwó fún un, kì í ṣe ti ìjọba Maldives. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ tẹ nǹkan wọ̀nyí sórí bébà: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ìwé òtẹ́ẹ̀lì tó kárí gbogbo alẹ́ tí ẹ máa lò, ìwé bóòtù tàbí bàálù orí omi, àti ẹ̀rí owó. Ní Èkó gan-an, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹrù, ni wọ́n á ti kọ́kọ́ béèrè wọn. Bí ajẹ́ǹtì ló bá yín ṣe é, ẹ kọ̀wé tààrà sí òtẹ́ẹ̀lì kí ẹ béèrè bóyá orúkọ yín wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi kóòdù oní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wò ó lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ bàálù fúnra rẹ̀.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé Malé. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ra Èkó sí Dubai lọ́tọ̀, tó tún ra Dubai sí Malé lọ́tọ̀ torí pé ó dín ní owó, ó lè di dandan kó jáde lọ gbé ẹrù rẹ̀ ní Dubai, kò sì lè jáde láìní físà ibẹ̀. Èkó ni wọ́n á ti dá a padà. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹrù yín á lọ tààrà, ẹ̀yin náà á dúró sínú pápákọ̀. Wákàtí méje sí mẹ́jọ ni Èkó sí Dubai tàbí Doha, bíi mẹ́rin sí márùn-ún sì ni láti ibẹ̀ dé Malé. Ẹ wá èyí tó fi wákàtí méjì ààbọ̀ sí márùn-ún sílẹ̀ láàárín méjèèjì. Aago Maldives fi wákàtí mẹ́rin ṣáájú tiwa.

Láti Òṣogbo dé Ìkẹjà, ẹ má gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ máa fò. Wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ni tí ọ̀nà bá dára, ṣùgbọ́n ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó? Pàápàá ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn èèyàn ń rọ́ lọ sí Redemption City. Ẹ lọ sùn ní Ìkẹjà lálẹ́ àná rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà ọ̀nà lè gba Ìwó dé Ìbàdàn, kó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Móníyà, kó sọ̀ ní Agége.

Ẹrù: bàálù orí omi ò gbà ju kílò 20 lọ fún báàgì ńlá àti 5 fún ti ọwọ́, bí bàálù ńlá tiẹ̀ gbà yín láyè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n nílé. Ẹ má gbé ọtí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí sìgá oníná mànàmáná lọ. Ère igi tí ẹ fẹ́ gbé lọ ta ẹnìkan lọ́rẹ náà ńkọ́? Wọ́n lè kà á sí òrìṣà, kí wọ́n gbà á. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò nílé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ẹ má fi owó ra àdápítà.

Àdìrẹ Òṣogbo dára fún ooru ibẹ̀, kò sì wúwo. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró máa ń ṣí, funfun sì ni gbogbo aṣọ ibùsùn àti àga òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ lálẹ́, ẹ ṣàn án láàárọ̀, ẹ tún un ṣe títí omi á fi mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ ìnujú funfun sómi, kí ẹ fi pa á lára. Bí ìnujú bá ṣì gba aró, ẹ má tíì dì í sínú báàgì. Owó aṣọ ibùsùn tó bá bàjẹ́, orí bílì yín ni wọ́n á kọ ọ́ sí.

Láti 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé kò sí ibà ẹ̀fọn ní Maldives mọ́. Ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ó ní ewu kan fún àwa tí a ti ilé gbé e lọ. Bí ara yín bá gbóná níbẹ̀, dókítà ibẹ̀ lè má ronú kan ibà. Ẹ tètè sọ fún un pé Nàìjíríà lẹ ti wá, kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ẹ gbé oògùn yín lọ nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, ní báàgì ọwọ́.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, kó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kódà níbi tí omi ò ti ju ìbàdí lọ, torí ìṣàn omi lágbára níbi tí òkun ti ń wọlé láàárín òkúta iyùn. Ẹ wọ bàtà rọ́bà nínú omi, òkúta náà ń géni. Ẹ má ṣà á bọ̀ wálé o, ìjọba ibẹ̀ kò gbà kí wọ́n mú un jáde, wọ́n sì ń tú ẹrù wò ní pápákọ̀.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, ẹ béèrè bílì kí ẹ tó sùn, kí ẹ wo iye alẹ́ tí wọ́n ka Green Tax lé lórí. Aago tí bàálù orí omi máa gbé yín, ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́. Bí wọn ò bá fi ìwé rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá yín, ẹ lọ béèrè.