Bí Ọkọ̀ Bá Kú Lójú Ìrìn: Ẹ Wo Bó Ṣe Kú Kí Ẹ Tó Ra Páàtì

Fún àgbẹ̀ àti ẹni tó ń fi ọkọ̀ ilé kó ẹrù lọ sọ́jà

Bí ẹ́ńjìnnì bá kú nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, sítíárì á wúwo, bíréèkì á sì le, ṣùgbọ́n méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe tẹ bíréèkì léraléra, torí agbára tó ṣẹ́ kù fún un kò ju ìtẹ̀ kan sí méjì lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ sì darí ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ títí yóò fi dúró pátápátá. Sítíárì lè há mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gbé C-caution sẹ́yìn níbi tí ẹni tó ń bọ̀ yóò ti tètè rí i.

Ó wá ku ohun tó pa á. Epo, atẹ́gùn àti iná plọ́ọ̀gì ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń lò. Ọ̀kan nínú wọn ló wọ́n ọn. Owó tó ń ṣòfò jù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni ti páàtì tí a pààrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè bí ọkọ̀ ṣe kú.

Ṣé ó kú lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn pa gílóòbù? Ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣókùnkùn, orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bóyá ó tú, bóyá ìpáta funfun ti bò ó. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ dè é le. Súwíìṣì kọ́kọ́rọ́ náà lè jẹ́ ọ̀daràn. Ní ọdún 2014, General Motors, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì padà torí súwíìṣì tó lè yí padà fúnra rẹ̀, pàápàá bí ohun tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ bá wúwo, kó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ìrìn. Nítorí náà, ẹ má so kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti abà pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀.

Bí iná dáṣíbọ́ọ̀dù bá ṣì wà, tí abẹ́rẹ́ RPM, tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí hàn, sì já wá sí òdo nígbà tí táyà ṣì ń yí, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ á kú nígbà tó bá gbóná, á sì tún jí lẹ́yìn tó bá tutù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti ra páńpù epo nítorí àìsàn yìí.

Bó bá ń jẹ́ẹ̀kì kó tó kú, pàápàá lórí òkè tàbí nígbà tí ẹrù gàrí wà lẹ́yìn, epo ni kò dé ibi tó yẹ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn: ó yẹ kí páńpù kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bí kò bá dún, ẹ wo fíúsì àti rẹ́lè rẹ̀, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó ń gbé iná fún páńpù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rẹ́lè páńpù àti ti họ́ọ̀nù jọra. Bí nọ́ńbà wọn bá bára mu, ẹ fi ti họ́ọ̀nù dán an wò. Bí páńpù bá dún, ó lè jẹ́ fíltà epo ló dí. Mo mọ̀ pé epo ti wọ́n, ṣùgbọ́n epo inú táńkì ló ń mú páńpù tutù. Ẹni tó ń fi ìsàlẹ̀ táńkì rìn lójoojúmọ́ ń sun páńpù rẹ̀.

Epo náà lè burú. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, àwọn awakọ̀ sì figbe ta. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, jìnnà sí iná àti sìgá, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó tòrò. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò wà. Epo tó ti pẹ́ nínú jálá, tí ẹ tọ́jú fún ẹ̀rọ ìlọ̀, ẹ má dà á sọ́kọ̀ láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́túù ló ń kú, ní oríta tàbí níbi bọ́ǹpù, throttle body, ẹnu tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ló dọ̀tí, tàbí rọ́bà tó gbé atẹ́gùn wọlé ti ya. Ọ̀nà oko ń mú eruku wá, nítorí náà ẹ máa gbọn fíltà atẹ́gùn.

Iná bátìrì tó tàn pupa, tí iná iwájú sì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ kí ọkọ̀ tó kú, ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ ni. Bí gééjì bá sì fi hàn pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, ẹ má ṣí rédíétọ̀ kó tó tutù.

Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ibi tí wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ wò ó. Bí ẹ̀rọ náà bá gbé kóòdù P0335 jáde, ó ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ wáyà rẹ̀ ló já. Ọkọ̀ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà àgbàdo, eku á wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á sì jẹ wáyà. Kí riwáyà tú u wò kí ẹ tó sanwó sẹ́ńsọ̀.