Bí lẹ́tà bá dé pé kí ẹ dá owó umbrella padà

Ọjọ́ Sátidé ni tèmi dé. Ìyàwó mi ló ṣà á nílẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó kà á tán kó tó gbé e fún mi, ó ní, "Bàbá Tómi, ta ni àwọn wọ̀nyí?" Mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Wọ́n ní mo jẹ àwọn ní £61,480, pé trust kan (àjọ tó ń di owó mú fún ẹlòmíràn) ní Isle of Man, erékùṣù kan tó ní òfin tirẹ̀, ló ti gbé gbèsè náà lé àwọn lọ́wọ́, kí n san án láàárín ọjọ́ 21. Láti 2012 sí 2014 ni mo fi ṣe kọ́ńtíráátì ní báńkì kan ní Leeds. Owó iṣẹ́ ìgbà yẹn, tí umbrella (ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó iṣẹ́ oníkọ́ńtíráátì, tó sì ń san án fún un) san fún mi lórúkọ ẹ̀yáwó, ni wọ́n ń sọ.

A pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn: àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn nọ́ọ̀sì ajẹ́ǹsì, àwọn social worker. Òfin IR35 ti ọdún 2000, tó kan owó orí àwa oníkọ́ńtíráátì, ti kó wa láyà sókè, ni àwọn umbrella kan bá ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Owó táṣẹ́rẹ́ á gba PAYE (ọ̀nà tí wọ́n fi ń yọ owó orí nínú owó oṣù) wọlé, ìyókù á wọlé lórúkọ ẹ̀yáwó. Ẹni tó forúkọ mi sílẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa béèrè rẹ̀ láéláé. Ó ní lọ́yà ńlá ti yẹ̀ ẹ́ wò, pé HMRC, ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba, gan-an ti fún ètò náà ní nọ́ńbà. Òfin ló fi dandan lé e pé kí ẹni tó bá gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fi tó HMRC létí, kí ó sì gba nọ́ńbà. Bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá kọ nọ́ńbà mọ́tò èèyàn sílẹ̀ ni, kì í ṣe oríyìn. Mi ò mọ̀ nígbà náà.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ jẹ́ kó yé yín pé gbèsè méjì ló wà nílẹ̀, wọn ò sì bára wọn tan. Ti HMRC ni Loan Charge, owó orí lórí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀: òfin ọdún 2017 ló dá a sílẹ̀, ó sì mú àwọn ẹ̀yáwó tó ṣì wà lọ́rùn èèyàn ní 5 April 2019. Lẹ́yìn ìwádìí tí Sir Amyas Morse ṣe fún ìjọba lópin 2019, wọ́n yọ èyí tí a gbà ṣáájú 9 December 2010 kúrò. Tèmi kò bọ́ sí i. Mo bá HMRC ṣe àdéhùn, mo ń san án lóṣooṣù, mo sì rò pé ó tán. Kò tán. HMRC ní owó iṣẹ́ ni, kí n san owó orí rẹ̀. Àwọn tó kọ lẹ́tà sí mi ní ẹ̀yáwó ni, kí n kó odidi rẹ̀ padà. Owó kan ṣoṣo! Ẹ má retí kí HMRC bá yín dá sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ẹni tó yá yín lówó ni wọ́n kà á sí. Owó orí tí ẹ ti san kò pa ẹ̀yáwó rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni dídá ẹ̀yáwó padà báyìí kò ní mú Loan Charge kúrò. Ìròyìn ìwádìí tí Ray McCann ṣe fún ìjọba, tó jáde ní November 2025 pàápàá, ọ̀rọ̀ owó orí ló dá lé.

Lọ́jọ́ tí lẹ́tà bá dé, ẹ má pe nọ́ńbà orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ní Luton gba tirẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú mi, ó sì pè. Ohùn ẹni tó gbé fóònù tutù bí omi àmù. Kó tó mọ̀, ó ti gbà láti máa san £50 lóṣù kí wọ́n lè ṣe sùúrù fún un, ó sì fi ímeèlì tì í lẹ́yìn. Ní England àti Wales, ọdún 6 ni òfin fún ẹni tó bá fẹ́ pẹjọ́ lórí gbèsè inú àdéhùn, ọdún 12 bí ó bá jẹ́ deed (ìwé àdéhùn tí a ṣe ní ìlànà pàtàkì lábẹ́ òfin). Bí ọdún náà kò bá tíì pé, owó kékeré tí ẹ bá san, tàbí ìwé tí ẹ fọwọ́ sí pé lóòótọ́ ni ẹ jẹ ẹ́, lè mú kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti oókan. Wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ ni mo tó sọ èyí fún un. (Òfin Scotland yàtọ̀, ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún, kó wá lọ́yà ibẹ̀.)

Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, torí ọjọ́ ń sáré ju ẹjọ́ lọ. Lẹ́tà lásán kò ní agbára kóòtù, bó ti wù kó fi lẹ́tà pupa kọ "URGENT" tó. Bí wọ́n bá pè é ní Letter of Claim (ìkìlọ̀ tó máa ń ṣáájú ẹjọ́), fọ́ọ̀mù ìdáhùn yẹ kó wà nínú rẹ̀, ẹ sì ní ọjọ́ 30. Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù náà pé ẹ kò gbà, kí ẹ sì béèrè ìwé. Wọn kò gbọdọ̀ gba kóòtù lọ títí ọjọ́ 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ìwé náà ránṣẹ́. Claim form (ìwé ẹjọ́ gan-an) láti kóòtù ńkọ́? Ọjọ́ 14 péré lẹ́yìn tó bá ti dé ọwọ́ yín lójú òfin. Bí ẹ bá dá fọ́ọ̀mù acknowledgment of service (tó fi hàn pé ìwé ẹjọ́ ti tẹ̀ yín lọ́wọ́) padà, ó di 28. Ẹni tó bá dákẹ́, ìdájọ́ á já lé e lórí láìjẹ́ pé adájọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni statutory demand, ìwé tí olówó fi ń béèrè gbèsè lábẹ́ òfin, torí kò ní òǹtẹ̀ kóòtù, èèyàn lè kà á sí lẹ́tà lásán. Bí gbèsè bá tó £5,000, òun ni wọ́n fi ń ṣínà láti sọ èèyàn di bankrupt (ẹni tí kóòtù kéde pé kò lè san gbèsè rẹ̀). Ọjọ́ 18 lẹ ní láti bẹ kóòtù pé kó fagi lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, wọ́n lè wọ kóòtù. Lọ́jọ́ tó bá dé gan-an ni kí ẹ pe lọ́yà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé wọlé sára àpòòwé, kí ẹ sì tọ́jú àpòòwé náà.

Kí ẹ wá lọ tú àpótí. Payslip, statement báńkì, ímeèlì gbogbo, pàápàá èyí tí wọ́n ti sọ fún yín pé ẹ kò ní san án padà. Èmi rí irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ méjì. Lọ́yà mi tẹ̀wé méjèèjì jáde kí n tó jókòó dáadáa. Ẹ fi subject access request (ìbéèrè pé kí wọ́n fún yín ní ohun tí wọ́n kọ pa mọ́ nípa yín) ránṣẹ́ sí àwọn tó ń béèrè owó, sí umbrella bó bá ṣì wà, sí ajẹ́ǹsì. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n sì ní láti fi dáhùn. Bí ìwé àdéhùn bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ wá gbólóhùn ìgbà tí a ó dá owó padà. Àwọn kan á sọ fún yín pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, kí ẹ dà á nù. Irọ́ ni: bí ẹ̀yáwó bá jẹ́ èyí tí a ó san nígbàkigbà tí olówó bá béèrè, ọjọ́ tó béèrè ní kíkọ ni kíkà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá òfin Isle of Man tàbí Jersey ló de àdéhùn náà, torí iye ọdún lè yàtọ̀. Kí ẹ sì yẹ Register FCA (ìwé orúkọ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìnáwó) wò bóyá àwọn tó kọ lẹ́tà ní àṣẹ. Bí Consumer Credit Act 1974, òfin tó ń dáàbò bo ẹni tó yá owó, bá bo ẹ̀yáwó náà, àìní àṣẹ lè fọ́ ẹjọ́ wọn.

Èsì tí mo kọ kò ju ìlà mẹ́fà lọ, lọ́yà sì kà á kó tó jáde. Mo ní n kò gbà pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè kankan. Mo ní kí wọ́n fi àdéhùn tí mo fọwọ́ sí hàn mí, ẹ̀rí ọjọ́ àti iye owó kọ̀ọ̀kan, àti ìwé tó fi hàn bí gbèsè ṣe kúrò lọ́wọ́ trust dé ọwọ́ wọn láìsí ibi tó já. Mo ní kí wọ́n máa fi ìwé bá mi sọ̀rọ̀. Ó tán. Ó wù mí kí n kọ bí inú ṣe ń bí mi tó, ìyàwó mi ló gba bírò lọ́wọ́ mi.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ san ìdá díẹ̀ kí àwọn lè pa gbèsè rẹ́, ẹ má fò mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní gbèsè níkàáwọ́ kò lè pa á rẹ́, ẹlòmíràn sì lè yọjú lọ́la. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akáńtáǹtì pẹ̀lú bóyá owó orí tuntun máa ti ibẹ̀ jáde.

Lọ́yà wọ́n. Àwa 14 tí a wà nínú ètò kan náà la dáwó jọ. Fún ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́, National Debtline àti Citizens Advice wà fún gbèsè, TaxAid wà fún owó orí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí oorun bá ti ń kọ̀ láti wá, bí ọkàn bá ń sọ ohun tí kò dáa, ẹ pe Samaritans lórí 116 123 kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan ti bá ọ̀rọ̀ Loan Charge yìí lọ.

Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn èsì mi, wọ́n fi àdàkọ àdéhùn ránṣẹ́. Ojú-ewé tó yẹ kí ìfọwọ́sí mi wà kò sí nínú rẹ̀. Mo ti kọ̀wé béèrè fún un. Fáìlì náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì, ìyàwó mi ti fi bírò pupa kọ ọjọ́ tí ìdáhùn yẹ kó dé sára rẹ̀.