Bí a ṣe ń ṣe fíláàṣì tí yóò jí kọ̀ǹpútà tó bá kú

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, láptọ́ọ̀pù mi kọ̀, kò tàn. Àwọ̀ búlúù ló yọ sójú rẹ̀, ó pa ara rẹ̀, ó tún tàn, àwọ̀ búlúù náà tún yọ. Ẹ̀rù kò kọ́kọ́ bà mí, torí mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí háàdì dísìkì kan ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ìgbà tí mo mú háàdì náà dání ni mo tó rí i pé n kò ní ohun tí mo lè fi ṣí i. Windows ló ń ka ẹ̀dà yẹn, Windows ọ̀hún ló sì ti kú. Owó wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ ni kò sí. Ọjọ́ méjì ni mo fi tọrọ kọ̀ǹpútà kiri kí n tó rí èyí tí mo fi ṣe kọ́kọ́rọ́ náà.

Kọ́kọ́rọ́ tí mò ń wí ni fíláàṣì tí kọ̀ǹpútà lè tàn láti orí rẹ̀ nígbà tí kò bá lè tàn fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ń lo Windows 10 tàbí 11 kò ní í ná ju owó fíláàṣì lọ, torí irinṣẹ́ tí a ó lò ti wà nínú Windows.

Ẹ wá fíláàṣì 32GB. Microsoft ní 16GB tó, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ lè há. Gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni yóò parẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 64GB sí lára, tó jẹ́ pé 8GB péré ló wà nínú rẹ̀: á máa gba fáìlì bíi pé kò sí nǹkan, àmọ́ kò ní í ṣeé kà padà. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ H2testw máa ń tú àṣírí irú wọn. Kí ẹ fi ṣájà sí láptọ́ọ̀pù, torí iṣẹ́ yìí lè ju wákàtí kan lọ.

Bí ẹ kò bá tíì ní ẹ̀dà odindi kọ̀ǹpútà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ so háàdì dísìkì mọ́ ọn, ẹ ṣí Control Panel, ẹ tẹ "Backup and Restore" tí wọ́n kọ Windows 7 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí orúkọ yẹn má dà yín láàmú, ó wà nínú 10 àti 11 náà. Lápá òsì ni "Create a system image" wà. Ẹ yan háàdì yín, kí ẹ tẹ "Start backup". Bí ó bá parí, tó ní ṣé ẹ fẹ́ ṣe "system repair disc", ẹ dáhùn "No", torí CD ló ń béèrè. Ẹ má yí orúkọ fódà WindowsImageBackup tí yóò wà lórí háàdì náà padà, ẹ má sì gbé e wọnú fódà mìíràn, torí Windows kò ní í rí i mọ́.

Ó wá kan fíláàṣì. Ẹ yọ háàdì yẹn ná, kí ẹ má baà ṣèèṣì yàn án, kí ó sì parẹ́. Ẹ so fíláàṣì mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ "recovery drive" sínú àyè ìwákiri, ẹ ṣí ohun tó bá yọ. Ẹ jẹ́ kí àmì wà níwájú "Back up system files to the recovery drive", torí òun ni yóò jẹ́ kí ẹ lè fi Windows tuntun sórí kọ̀ǹpútà bí ẹ̀dà yín bá bàjẹ́. Ẹ tẹ "Next", ẹ yan fíláàṣì, ẹ tẹ "Next" lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá tẹ "Create". Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, yóò béèrè níkẹyìn bóyá kí òun pa recovery partition rẹ́, ìyẹn apá inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe Windows. Ẹ má gbà fún un. Ẹ tẹ "Finish".

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró sí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má dúró níbẹ̀. Fíláàṣì tí ẹ kò tíì fi tan kọ̀ǹpútà rí, ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ike lásán ni. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ so fíláàṣì àti háàdì mọ́ ọn, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F12 léraléra bó bá jẹ́ Dell, Lenovo tàbí Acer. F9 ni ti HP, Esc ni ti Asus. Bí àwọn orúkọ bá tò wá, ẹ yan fíláàṣì. Lórí Acer, ó lè jẹ́ pé ẹ ní láti kọ́kọ́ fi F2 wọ BIOS, ìyẹn ojú ètò tó máa ń ṣí kí Windows tó tàn, kí ẹ tan "F12 Boot Menu". Bí kò bá ṣeé ṣe báyìí, ẹ wọ Windows, ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ "Restart", lẹ́yìn náà "Use a device".

Bí fíláàṣì bá ti gbé e dìde, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù US, "Troubleshoot", "Advanced options", "System Image Recovery". Bí ẹ kò bá rí èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ tẹ "See more recovery options". Ó yẹ kí ó fi ọjọ́ àti àkókò tí ẹ ṣe ẹ̀dà yín hàn. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ tẹ "Cancel".

Ó ṣeé ṣe kó béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ìyẹn ohun tí Windows fi ń ti inú kọ̀ǹpútà pa. Nọ́mbà méjìdínláàádọ́ta tó tẹ̀léra wọn ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows 11 ló ti ti ara wọn láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Lónìí, kì í ṣe ọ̀la, ẹ fi àkáǹtì Microsoft yín wọ aka.ms/myrecoverykey, kí ẹ da nọ́mbà náà kọ sórí ìwé.

Lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé, ọ̀nà kan náà lẹ ó tọ̀, àmọ́ "Next" àti "Finish" lẹ ó tẹ̀. Yóò nu inú kọ̀ǹpútà pátá, yóò sì dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ẹ̀dà. Ohun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn ọjọ́ náà yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ háàdì tuntun lẹ rà sínú kọ̀ǹpútà, kò gbọdọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ ti kú kó tó ka èyí, kó yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kó wa Media Creation Tool láti ojúlé Microsoft, kó sì fi ṣe fíláàṣì 8GB. Bí kọ̀ǹpútà bá tàn láti orí rẹ̀, kó má tẹ "Install". "Repair your computer" tàbí "Repair my PC" ni kó wá lójú ìwé yẹn, yóò sì gbé e dé "Troubleshoot" kan náà.