Ara Ògiri Ni Eégbọn Wà, Kì í Ṣe Ara Ajá Nìkan
Ajá Boerboel mi tó wọn kìló 60 fẹ́rẹ̀ẹ́ di oúnjẹ eégbọn. Mo ń fi oògùn wẹ̀ ẹ́, mo ń já wọn sínú kẹrosíìnì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, etí rẹ̀ á tún ti kún. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ilé ajá. Ògiri ti lanu. Dípò aláǹgbá, eégbọn ló wọ̀ ọ́, wọ́n ń tò lọ bí èèrà. Ẹyọ kan lè yé ẹyin tó ju 1,000 lọ síbẹ̀! Mo fi sìmẹ́ǹtì dí i, mo fín oògùn tí dókítà ẹran júwe (ajá wà níta o), mo sì tún un fín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nítorí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin. Láti ìgbà náà, ẹyọ kan péré ni mo rí, lẹ́yìn etí.