Bí Mo Ṣe Tọpa Yanrìn láti Ara Òkúta Kubwa

Ó pẹ́ tí mo ti kà á pé òkúta tó yọ́ lábẹ́ ilẹ̀ kó tó dì ló ń rún di yanrìn, tí yanrìn náà á tún di òkúta mìíràn. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i, Àbújá tí à ń gbé sì dára fún un gan-an.

Ẹ̀yìn òkè kan ní Kubwa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo wá ibi tí akọ òkúta ti jẹrà débi pé ọwọ́ lásán lè rún un. Mo dà á sínú igbá, mo bu omi sí i, mo fọwọ́ pò ó. Omi tí mo kọ́kọ́ ṣẹ́ kúrò lórí rẹ̀ funfun bí omi ògì. Fẹ́lísípà, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di akọ òkúta, ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Òjò máa ń gba kábọ́nì-díọ́kísáìdì mọ́ra, á kan díẹ̀, á wá máa fọ potásíọ̀mù àti sódíọ̀mù kúrò lára fẹ́lísípà títí yóò fi di amọ̀.

Mo sá ìyókù sóòrùn. Kúọ́tìsì, èròjà akọ òkúta mìíràn, ló pọ̀ jù, ó mọ́ kedere. Máíkà dúdú pẹlẹbẹ wà láàárín rẹ̀. Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́ kọjá lórí rẹ̀, èérún dúdú kéékèèké sì fò mọ́ ọn. Inú mi dùn púpọ̀.

Yanrìn odò Usuma ní Gwagwalada ni mo fi wé e. Máíkà àti fẹ́lísípà ti dín kù. Kúọ́tìsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Omi kì í tètè jẹ ẹ́, ó sì le: 7 ni tirẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Mohs tó parí sí 10. Amọ̀ ti bá omi lọ.

Ó wá ku ọ̀nà Lokoja. Lẹ́yìn Abaji, èmi àti àbúrò mi ṣa òkúta oníyanrìn tó jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo kán fínígà sí i, kò hó. Kì í ṣe ẹfun ló so ó pọ̀. Ìpẹtà irin ló lẹ̀ ẹ́ pọ̀, òun ló pọ́n bẹ́ẹ̀. Mo rún un, mo gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Kúọ́tìsì kan náà ni, pẹ̀lú fẹ́lísípà funfun tí etí rẹ̀ ṣì mú. Fẹ́lísípà yìí gan-an ni mo ń wá! Ká ní ó ti yí nínú omi jìnnà ni, ì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bó ṣe ṣẹ́kù yìí, ibi tó ti wá kò jìnnà, ilẹ̀ sì tètè bò ó.

Àbúrò mi bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé Zuma ló wó di èyí ni?"

Mo ní a ò lè dárúkọ òkè kan, ṣùgbọ́n àwọn òkúta àtijọ́ agbègbè yìí ló bí i. Púpọ̀ nínú wọn ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún. Yanrìn tó ti ara wọn bọ́ sì ti jókòó síbí láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 66 ọdún.