Tí ara aláìsàn ò bá gba báǹdì ọwọ́ ọsibítù

Ẹ jọ̀ọ́, tí Màmá bá wà ní ọsibítù tí wọ́n ń họ ọrùn ọwọ́, tí wọ́n ní báǹdì tí ọsibítù kọ orúkọ wọn sí yẹn ló ń yún àwọn, ẹ má sáré mú sísọ́ọ̀sì o. Báǹdì yẹn ni nọ́ọ̀sì máa wò kó tó fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára tàbí kó tó fún wọn lóògùn, àgàgà tí wọ́n bá ti gún wọn lábẹ́rẹ́ tó ń múni sùn fún iṣẹ́ abẹ tí wọn ò lè dárúkọ ara wọn mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibẹ̀ dáadáa. Lára àwa èèyàn dúdú, ibi tó ń yún kì í sábà pọ́n, ṣe ló máa ń dúdú sí i tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò, nítorí náà ẹ fọwọ́ kàn án, ṣé ó ń gbóná, ṣé ó le, ṣé ó sú wẹ́wẹ́? Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe alẹ́jì (pé ara ò gba nǹkan) rárá, omi àti jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pa ọwọ́ ló há sábẹ́ báǹdì, tàbí kí wọ́n ti so ó le jù. Ẹ fi omi lásán nù ún, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má fi ra á o. Ó yẹ kí ìka méjì lè wọ abẹ́ báǹdì, tí kò bá wọ ibẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ òmíì jáde.

Tó bá jẹ́ alẹ́jì gidi, ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó yọ, á máa yún wọn gan-an, á sú tàbí kó ní kókó olómi níbi tí báǹdì ti kàn wọ́n lára gẹ́lẹ́, pàápàá níbi tí gúlúù rẹ̀ wà. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó so tuntun mọ́ ọwọ́ kejì tàbí ọrùn ẹsẹ̀, ìgbà tí tuntun bá ti wà lára wọn ni kó tó gé ti àtijọ́. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní èyí tó rọ̀ tàbí tí kò ní gúlúù, tí kò bá sí, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì (aṣọ tí wọ́n fi ń di egbò) sábẹ́ ẹ̀, àmọ́ kó má bo orúkọ. Kí wọ́n má fi píìnì kọ́ ọ mọ́ aṣọ tàbí bẹ́ẹ̀dì, torí wọ́n máa pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì lè gbé wọn lọ sí wọ́ọ̀dù míì.

Ìpara, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ èyí tí wọ́n máa lò. Ìpara mẹ́ta-nínú-ọ̀kan (tí wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀ sí) tí ẹ rà lọ́jà yẹn, ẹ fi sílé, oògùn inú ẹ̀ lè le jù fún awọ àgbàlagbà.

Kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì pé ara wọn ò gba báǹdì yẹn, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ nípa plástà àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà náà tó bá ti ń yún wọn rí. Tí ètè tàbí ojú bá wú, tàbí tí mímí bá ń nira, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.