Ẹ Fi Hóró Kòkó Ka Ohun Tí Ọdún Yìí Gbé Lé Yín Lórí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Àkúrẹ́, Ìdànrè àti Oǹdó, bí kòkó bá ti gbẹ, kí ẹ tó dì í sápò, ẹ ṣa ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan sọ́tọ̀. Ó níṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe.

Ní 1967, dókítà ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Holmes àti Richard Rahe, to ìṣẹ̀lẹ̀ ayé 43 lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí ẹrù tó ń gbé lé ara ṣe wúwo tó; bí àpapọ̀ máàkì bá ṣe pọ̀ sí i ni àìsàn ṣe lè tètè múni. Ikú ọkọ tàbí aya ló ga jù: 100. Ìkọ̀sílẹ̀ jẹ́ 73, ìfẹ̀yìntì 45. Ohun ayọ̀ náà wà níbẹ̀ o: ìgbéyàwó 50, oyún 40. Ìdí ni pé ìyípadà yòówù kó jẹ́, ara gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ tò.

Ẹ jẹ́ kí hóró kan dúró fún máàkì 10. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù 12 nìkan ni kí ẹ kà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà òjò: hóró mẹ́wàá. Ẹbí pín oko, owó tó ń wọlé já wálẹ̀ (38): mẹ́rin. Ó kó láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́ (20): méjì. Ó fi iṣẹ́ oko sílẹ̀, ó ń ta gàrí (36): mẹ́rin. Ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ọkọ (29): mẹ́ta. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lójú àwọn ọmọ. Hóró 23 nìyẹn. Àwọn tó ń sọ pé Màmá ti ya ọ̀lẹ yóò rí ohun tó ń gbé.

Òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Ẹlòmíràn á ní hóró 30, ara rẹ̀ á sì le. Àwọn tó ṣe é kò sì ka orogún tàbí kòkó tó jẹrà lórí igi. Ẹ fi tiyín kún un.

Bí hóró bá ti tó 15, ẹ dá ohun tó lè dúró dúró: owó èlé, ilé kíkọ́, ìnáwó ńlá. Bó bá dé 30, ẹ má jẹ́ kí onítọ̀hún dá nìkan sùn. Iye hóró yòówù kó jẹ́, bí kò bá rí oorun sùn tàbí tí oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ń sọ pé ayé sú òun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Kí ẹ tó jáde, ẹ kó oògùn kòkó àti oògùn apakoríko kúrò nínú ilé, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó.